Ṣíṣán Igbó Kọ́ Ni Ìkórè: Iṣẹ́ Tó Kù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

  Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ bá yín sọ lónìí. A ó yà sí ọjà díẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ọjà ni oúnjẹ ti ń wá sínú ìkòkò.

Ẹ wò ó báyìí ná. Ọmọ yín kan wà ní Kútọnú, tàbí ní Èkó, tàbí ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó sanra débi pé bó bá rìn láti ilé dé ojú títì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tún wá lọ́dún yìí, aṣọ ti tóbi jù fún un. Ẹ gbé ọkà kalẹ̀, ó jẹ òkèlè méjì, ó ní òun ti yó. Inú ń bí ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe sídà ni?" Bẹ́ẹ̀, ara ọmọ yẹn le. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí ìsanrajù ni. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ yẹn jẹ́, ẹ lè fi ìfẹ́ ṣe é léṣe. Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú iṣẹ́ abẹ náà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ. Ẹwà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣe ìyẹn, òun náà sì ní ewu tirẹ̀. Àwọn àgbà inú yín á rántí Stella Obasanjo, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, tó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Marbella, ní ilẹ̀ Sípéènì. Èyí tí à ń sọ lónìí kì í ṣe ìyẹn o.

Èyí tí à ń sọ, àpò oúnjẹ tó wà nínú ikùn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ọ̀nà kìíní, wọ́n á gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á kó o dànù. Èyí tó kù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré. Nínú ọ̀nà kejì, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ má gba inú àpò ńlá àtijọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Dókítà Edward Mason ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà kejì yìí ní ọdún 1966. Wọ́n ti tún un ṣe lóríṣiríṣi láti ìgbà náà.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ẹni tí ìsanra ti ń fa àìsàn fún ni: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń pè ní táǹsíọ̀n, orúnkún tó ń roni, èémí tó ń dá dúró lójú oorun. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń tẹ̀lé láti ọdún 1991 wo gíga pọ̀ mọ́ ìwọ̀n. Ẹni tó ga ní mítà kan àti 60 sẹ̀ǹtímítà, tó wọn nǹkan bí 102 kílò sókè, bọ́ sí i. Bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wà lára rẹ̀, láti nǹkan bí 90 kílò ni.

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó àti Abuja ń ṣe é. Àwọn mìíràn ń lọ sí Tùnísíà, Túrkì tàbí Íńdíà. Owó ńlá ni. Ẹni tó bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀, tó sì ti fara da ọ̀bẹ, á máa rò pé òun ti ṣe tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé jù. Ẹni tó fi àdá ṣán igbó, tó sun ún, ó ti ṣiṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n bó bá lọ jókòó sílé, tí kò gbìn, tí kò ro, kí oṣù méjì tó pé, koríko ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Iṣẹ́ abẹ yìí, ṣíṣán igbó ni. Ìroko ló kù, ìroko yẹn ò sì lópin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ohun tó ń ṣàn nìkan ló lè wọlé: omi, omi ẹja tí a sẹ́, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn tí kò ní ṣúgà. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná: ẹ̀wà tí a bó tí a sì lọ̀, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tí a rún, ẹyin tó rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó jinná dáadáa. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó padà sí oúnjẹ gbogbo ilé, síbí mélòó kan ni yóò sì jẹ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà ni yóò sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bọ́ sí èyí tó kàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Bí ó ṣe ń jẹun náà ti yí padà. Kí ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ. Kí oúnjẹ kékeré yẹn gbà á ní ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó má mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Bó bá jẹun tán, kí ó dúró fún ààbọ̀ wákàtí kó tó mu omi. Síbẹ̀, láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, kí ó máa fi ẹnu kan omi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, torí pé kò lè gbé ife omi kan dà sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí èyí ti nira fún wa. Àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé mì la máa ń gbé e mì. Ọkà, iyán, ẹ̀bà, gbogbo wọn ń yọ̀ lọ sí ọ̀fun ni. Nínú àpò tó kéré tó ẹyin, òkèlè tí a gbé mì lè há. Á máa ro ó láyà, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, á sì bì. Nítorí náà, bó bá ní òun kò jẹ iyán, ẹ má rò pé ó ti di òyìnbó o. Àpò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ tí ara ń yọ̀ǹda

Láti oṣù kejì lọ, kílò á máa jábọ́. Ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Ìdí wà. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan rí èròjà kan tí àpò oúnjẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Wọ́n pè é ní ghrelin. Apá ibi tí ó ti ń wá jù ni wọ́n gé kúrò nínú ọ̀nà kìíní yẹn, torí náà ohùn ebi á rẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àsìkò yìí ní ìdààmú tirẹ̀. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, irun lè máa já. Ó sábà máa ń hù padà bí ó bá ń jẹ oúnjẹ tó ń mọ ara tó sì ń lo fítámì rẹ̀. Awọ ikùn àti ti apá lè fẹ̀, kí ó máa rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ìgbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá kí ìwọ̀n má yẹ̀ rárá, ọkàn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pami. Gbogbo èyí wọ́pọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ara bá ń fọn, oyún máa ń tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àní lára ẹni tó ti ń wá ọmọ láti ọdún pípẹ́. Àmọ́ oyún kò gbọ́dọ̀ dé láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ara kò ní oúnjẹ tó láti fi bọ́ ẹni méjì. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí wọ́n so ìfun rẹ̀ mọ́ àpò kékeré. Kí ó lọ bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ nípa èyí tí wọ́n ń gún tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá.

Lẹ́yìn ọdún kejì, ìgbà tí ìroko bẹ̀rẹ̀ gan-an

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ta ni kò mọ Maradona? Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Cartagena, ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà. Ó fọn gan-an, ó tó nǹkan bí 50 kílò tó bọ́ lára rẹ̀. Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ó ti tún di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà padà wá díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2015, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un ní Fẹnẹsuẹ́là. Owó kò wọ́n ọn, dókítà kò wọ́n ọn. Síbẹ̀, ọ̀bẹ kò lè bá a ro oko.

Kì í ṣe ti Maradona nìkan. Ní ilẹ̀ Sweden, láti ọdún 1987, àwọn dókítà tọpa ẹni 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n sì fi wọ́n wé ẹni 2,037 tó sanra bíi tiwọn àmọ́ tí kò ṣe é. Àwọn tí wọ́n so ìfun wọn mọ́ àpò kékeré, nǹkan bí 32 nínú 100 ìwọ̀n wọn ló lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, ohun tó lọ ti di 25 nínú 100. Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn kan ṣe é: ẹni tó wọn 120 kílò, ó bọ́ sí nǹkan bí 82, ó wá gòkè padà sí 90. Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Nínú àwọn tó ṣe é, iye tó kú kéré sí ti àwọn yòókù.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ abẹ náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀tàn. Èkejì, díẹ̀ máa ń padà, ẹni tó bá sì sùn lọ, púpọ̀ ni yóò padà.

Kí ló ń dá a padà? Ara ènìyàn kò fẹ́ràn kí ọ̀rá rẹ̀ tán. Bí ó bá ti fọn, kì í ná agbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oúnjẹ díẹ̀ ti tó o. Ebi náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Àpò kékeré yẹn sì ní ibi tí kò lè ṣọ́: ohun tó ń ṣàn. Kò jẹ́ kí iyán kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n Coca-Cola, Fanta, tíì tó kún fún ṣúgà àti wàrà inú agolo, bisikíìtì tó ń yọ́ lẹ́nu, gbogbo wọn á kọjá. Ẹlòmíràn kò lè jẹ àwo ìrẹsì kan, àmọ́ yóò mu ìgò ọtí dídùn mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn nìyẹn. Lára àwọn kan, ṣúgà púpọ̀ á tilẹ̀ mú kí wọ́n làágùn, kí àyà wọn máa lù kìkì, kí inú sì máa ṣu wọ́n.

Ọtí líle ńkọ́? Sódábì, lára ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kì í pẹ́ kó tó dé ẹ̀jẹ̀. Ife kékeré tí kò ṣe é ní nǹkan tẹ́lẹ̀ lè gbé e ṣubú. Ẹ má fi ọtí lọ̀ ọ́ ní ibi ìnáwó, kí ẹ sì wá gbé e sórí ẹ̀yìn zẹ́míjàn.

Ohun tí àwa ará ilé lè ṣe

Lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ ni ìfẹ́. Àlejò tó bá kọ oúnjẹ, a ó ní ó ń fura sí wa. A máa ń kí ènìyàn pé, "Ara rẹ ti yọ o, o ti sanra," a sì fi yìn ín. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n fún ẹni yìí, ẹ fi ọ̀nà mìíràn fi ìfẹ́ hàn. Ẹ bu oúnjẹ sí àwo kékeré. Ẹ fi ẹja ṣíwájú ọkà. Bó bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kó tó. Ọ̀rọ̀ yẹn, "Jẹ ẹ̀kan sí i nítorí tèmi," òun ló ń lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ bì. Ẹ pè é kí ẹ jọ rìn lọ sí oko tàbí sí ọjà. Ìrìn yẹn wúlò fún un ju àwo ọkà lọ.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé sídà ni, kí ó pa ẹnu mọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan fi iṣẹ́ abẹ náà pa mọ́. Ìpamọ́ yẹn lè pa ènìyàn, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ọjà

Ohun tó ń mọ ara ni kí owó ọjà rẹ̀ kọ́kọ́ lọ lé lórí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nílò 60 sí 80 gíráàmù rẹ̀ lójúmọ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ẹ rí i pé ẹyin nìkan ò lè ṣe é. Ẹ da á pọ̀: ẹja tútù tàbí ẹja gbígbẹ, adìẹ, ẹ̀wà, wàrà Fúlàní, wàrà sóyà. Àwọn ìyá tó ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ̀yin lẹ ní ọjà tó dára jù fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀mọ̀. Ọkà á wá tẹ̀lé e, bó bá ṣì ku àyè.

Epo ńkọ́? Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa, a ò ní sọ pé kí ẹ má jẹ epo. Síbí ńlá kan péré ni kí ẹ rántí: agbára tó wà nínú rẹ̀ ju ti odidi ẹyin kan lọ. Nítorí náà, ẹ fi síbí wọ̀n ọ́n. Ẹ má da igo lé ìkòkò.

Oògùn inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kiri lọ́jà, kí ó jìnnà sí i. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń lò fún ẹ̀yìn ríro lè dá egbò sínú àpò kékeré yẹn, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Kí ó béèrè èyí tó bá a mu ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé oògùn gidi. Níbẹ̀ náà ni kó ti ra fítámì rẹ̀: B12, fítámì D, oògùn ẹ̀jẹ̀, àti kálísíọ̀mù fún egungun. Títí ayé ni yóò máa lò ó. Ẹni tó bá dá a dúró kò ní rí nǹkan kan lóṣù àkọ́kọ́. Ó lè tó ọdún kan tàbí méjì kí àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ tó dé.

Ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ dúró sílé

Bí inú bá ń ro ó gidigidi, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí àyà rẹ̀ ń sáré. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà. Bí ó bá ń bì ṣáá tí omi pàápàá kò dúró. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kú tipiri, tó ń ta gìrọ́gìrọ́, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ẹ má gbé e lọ sí ibòmíràn, ilé ìwòsàn ńlá ní Pobẹ̀ tàbí ní Sakété ni kí ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kí ẹ sì SỌ pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Ìdí rèé. Ẹni tó ti ń bì fún ọjọ́ púpọ̀, fítámì B1 máa ń tán lára rẹ̀, èyí ló ń ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́. Bí wọ́n bá fa omi oníṣúgà sí i lára láìfún un ní B1, ó lè burú sí i. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Nítorí náà, kí ó mú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ dání nígbàkígbà tó bá ń wálé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ni pé kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ máa tọ́jú ènìyàn fún ọdún 2 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ó máa ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún títí ayé. Ẹni tó ti ibòmíràn wá gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò máa ṣe é fún un níbí.

Àwa tí kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ṣe é láéláé. Àmọ́ ìsanrajù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìkan mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú mẹ́jọ lágbàáyé ló ní in. Ẹ̀yin ìyá tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yin tó ń wakọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Iṣẹ́ tí à ń kà sílẹ̀ láti òwúrọ̀ yìí, kò sí èyí tó nílò ọ̀bẹ níbẹ̀: ẹja ṣíwájú ọkà, omi dípò ọtí dídùn, síbí epo tí a wọ̀n, àti ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò èyí kí ẹ tó túká:

Bí ọmọ yín bá wálé tó sì ní òun yó lẹ́yìn òkèlè méjì, kí lẹ máa sọ fún un?

Ní ìnáwó tó ń bọ̀ ní abúlé yín, kí la lè gbé kalẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mu ọtí dídùn?

Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tí kò tíì wọn ara rẹ̀ tàbí yẹ táǹsíọ̀n rẹ̀ wò láti ọdún kan? Ọjọ́ wo lẹ máa jọ lọ?

Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa bí ẹ ti máa ń ṣe, a ó kà wọ́n lórí afẹ́fẹ́.